Níbo Ni Bẹ́ẹ̀dì Màmá Wà?

"Olè! Olè ni ọ́, Raheemah! Ilẹ̀ ìyá mi lo fẹ́ jí gbé!"

Bí Sheriff ṣe ń pariwo ló ń ju ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Ó ju àpò aṣọ, ó ju bàtà, ó ju rúlà gígùn tí obìnrin náà fi ń yàwòrán ilé. Rúlà kán sí méjì lórí òkúta. Àwọn aládùúgbò ti tú jáde ní Odòde, ní ìlú Ìdànrè, òmíràn gbé ọmọ sápá, òmíràn ní ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kò ṣeé dá dúró bí ìjà tọkọtaya bá ti dé ojú ọ̀nà.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé sọ ọ́," ni Raheemah ń bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Kí ni mo jí?"

"Kí lo jí? Màmá, ẹ tún wò ó o!" Sheriff na bébà pláànù sí ìyá rẹ̀ lójú, ó sì ń fi ìka gbá igun rẹ̀ nísàlẹ̀. "Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbí? Raheemah! Orúkọ Raheemah ló wà lórí ilé tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ yín kọ́! Ṣé kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni nǹkan?"

Màmá Àìníà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ kòkó, ó mọ ọjà, ó mọ èébú tó lè mú ewúrẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ní ojú tirẹ̀, lẹ́tà A àti igi ìdáná, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹni tó bá yàwòrán ilé ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sí igun bébà, bí télọ̀ ṣe ń rán orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Ṣé télọ̀ ló wá ni aṣọ? Sheriff mọ̀! Orúkọ ìyá rẹ̀ gan-an wà lókè orúkọ Raheemah: "Olóhun ilé, Àlàájà Àìníà Ọládipúpọ̀." Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Àgbà ọkùnrin, ẹni àádọ́ta ọdún, ló fi ìka kan ṣoṣo pa òtítọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pa ìdun!

Omi lé ròrò sójú Màmá. "Raheemah, ìwọ tí o ń gbé mi lọ ilé ìgbẹ́? Ìwọ tí mo ń tú ìdí sílẹ̀ fún láìtijú? Háà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé!"

"Màmá, wallahi, mo fi Kùránì búra..."

"Má fi nǹkan kan búra níbí! Dìde níwájú mi!"

Lẹ́yìn àga Màmá ni Jamilah dúró sí, ó di ọwọ́ àga náà mú bí ẹni pé òun ni Màmá bí gbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí fi kọ́ṣẹ́ àwòrán ilé lọ́dọ̀ Raheemah. Raheemah ló fún un ní yàrá, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Nígbà náà, "Àǹtí mi, Àǹtí mi" kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, ó wo Àǹtí rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn! Bí ejò bá ní ètè, bó ṣe máa rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé lásán. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ìyá Olúbáyọ̀, ọ̀rẹ́ Màmá láti kékeré, ṣubú nínú balùwẹ̀ rẹ̀ ní Atosin. Ọmọ márùn-ún ló bí, kò sí ẹyọ kan nílé: Èkó, Àbújá, òkè òkun. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó já ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Màmá ò jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó wá sọ pé, "Ilẹ̀ mi tó wà létí títì, ilé àwọn àgbà ni màá fi kọ́. Yàrá méjìlá. Kí ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, kí owó ṣọ́ọ̀bù máa bọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Arúgbó kan ò tún ní kú bí adìyẹ ní Ìdànrè níṣojú mi!"

Raheemah ló gbé iṣẹ́ náà. Oṣù méje ló fi ń lọ láti ilé àgbà kan dé òmíràn. "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ibo ló lè dé? Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí tọ́lẹ́ẹ̀tì, kí lọwọ́ yín máa ń wá?" Ẹ̀yin ọmọdé lè máa fi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí mo bá lọ lóṣòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀ onílẹ̀, ẹ tètè lọ pe àwọn ọkùnrin àdúgbò sílẹ̀, kí wọ́n sì mú okùn dání! Nítorí náà, pláànù Raheemah kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu géètì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbòòrò tó àga onítáyà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti bẹ́ẹ̀dì dé tọ́lẹ́ẹ̀tì, irin ìdìmú sì wà lára ògiri. Fàráńdà rẹ̀ kọjú sí ibi tí àwọn oníbàárà ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn àgbà lè máa rí èèyàn, kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn. Òfófó wà nínú oògùn arúgbó.

Pláànù yìí ni Sheriff fẹ́ pa rẹ́. Ìlérí rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni pé, "Màmá, mo ti yọ orúkọ olè kúrò. Jamilah ti tún un yà, ilé yẹn náà ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ ó tẹ̀ka sí ìwé kí ilẹ̀ lè bọ́ sí mi lọ́wọ́, ká lè bẹ̀rẹ̀." Irọ́ funfun báláú!

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Raheemah gbé pláànù tirẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Búrẹ́mọ̀, olórí ẹbí, àbúrò ọkọ Màmá tó ti dolóògbé.

"Bàbá, ẹ ka ibí yìí. Orúkọ Màmá ló wà níbi olóhun."

Bàbá Búrẹ́mọ̀ ò tilẹ̀ wo bébà náà. "Ẹni tó ń fi bébà jẹun, kí ni kò lè kọ sórí bébà? Ìgbà wo lo kọ ọ́? Lánàá? Gbé e lọ jàre!"

Ó lọ sẹ́nu géètì Màmá, Sheriff ní òun á pe ọlọ́pàá. Ó pe fóònù Màmá, Jamilah ló ń gbé e. "Àǹtí, ẹ sinmi. Ìgbà yín ti lọ." Ó tún pè é, wọ́n ti dí nọ́ńbà rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ilé aládùúgbò kan tó gbà á sílé, ó ń wo àpáta ńláńlá tó yí Ìdànrè ká, ó ń rò ó pé bí ọ̀kan nínú wọn bá yí lulẹ̀ sórí òun, kí ni òun tún pàdánù? Oṣù méje ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọdún méjìdínlógún ọkọ. Màmá tó ń pè é ní ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ti dòfo!

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Ọ̀ṣúndé bíríkìlà wá bá a. Ará ìhà Òṣogbo ni ọkùnrin náà. Bí àsìkò kòkó bá dé, ó máa ń lọ ṣe alágbàṣe lóko àwọn olókòkó. Bí kò bá sí kòkó, ó máa ń mọlé. Kò sí ilé tí Raheemah yà ní Ìdànrè tí kì í ṣe òun ló mọ ọ́n. Bébà kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Àǹtí, ọ̀gá Sheriff ló gbé èyí fún mi pé kí n bá òun fi èèkàn yà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní èyí ò jọ iṣẹ́ Àǹtí mi."

Raheemah tẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni! Plásà alájà kan, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélógún, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Yàrá arúgbó méjìlá? Kò sí. Ẹyọ yàrá kan ló wà lókè pátápátá, lábẹ́ táǹkì omi, wọ́n kọ "Màmá" sí i lára. Ó wá wo igun bébà nísàlẹ̀, ibi tí orúkọ máa ń wà. "Olóhun ilé: Sheriff Ọládipúpọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Jamilah Ọládipúpọ̀."

Ìyàwó rẹ̀!

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe igbe. Ọ̀ṣúndé yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí ó gbin tán.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá olórí ẹbí," ni Ọ̀ṣúndé sọ nígbà tó yá.

"Wọ́n á ní èmi ni mo kọ ọ́! Bébà kankan ò lè jẹ́ òótọ́ lọ́wọ́ mi mọ́, Ọ̀ṣúndé. Kò tán nìyẹn? Ó tán!" Ó gbá pláànù tirẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á ya.

Ọ̀ṣúndé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dákun, Àǹtí. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ rí mi kí n ka pláànù rí? Èmi náà ò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú mi dé orí ilẹ̀, tí ẹ máa ní, 'Ọ̀ṣúndé, pálọ̀ rèé, ìdáná rèé,' tí màá ta okùn, tí màá da eérú sí i. Ìgbà tí mo bá fẹsẹ̀ rìn ín ni mo tó ń mọ̀ pé ilé ni. Màmá ò mọ bébà. Àmọ́, ṣé Màmá ò mọ ilẹ̀ ni?"

Raheemah gbé orí sókè. Ó wo ọkùnrin yìí bí ẹni pé kò rí i rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àwọn ọkùnrin lọ kírun, Jamilah ń wẹ Màmá nínú ilé. Iwájú ilé Màmá ni pèpéle sìmẹ́ńtì gbàràmù wà, ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó láti ayé ọkọ rẹ̀. Raheemah di téèpù mú lápá kan, Ọ̀ṣúndé dì í mú lápá kejì. Pláànù Jamilah gan-an ni wọ́n yà sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà fún ẹsẹ̀ bàtà, wọn ò fi kún un, wọn ò yọ kúrò. Eérú ni ògiri. Níbi tí ilẹ̀kùn bá wà, Ọ̀ṣúndé to búlọ́ọ̀kù sí ọ̀tún àti òsì. Raheemah ń bi ara rẹ̀ léèrè: Bí Màmá bá kọ̀ láti wò ó ńkọ́?

Nígbà tí àwọn èèyàn máa fi dé láti mọ́ṣáláṣí, Bàbá Búrẹ́mọ̀ níwájú, Sheriff tó wọ agbádá tuntun pẹ̀lú fáìlì ìwé lápá, àwọn àgbà bíi mẹ́jọ tí wọ́n ti ń retí yàrá láti Atosin àti Odòde, eérú ti funfun kálẹ̀. Jamilah ti Màmá jáde.

"Kí lèyí?" ni Màmá pariwo. "Ta ló da eérú síwájú ilé mi? Ṣé ẹbọ ni?"

"Raheemah ni!" Sheriff fò sókè. "Oògùn ló da sílẹ̀! Ẹ lé e! Ẹ gbá eérú yẹn dànù!"

Raheemah dọ̀bálẹ̀ sínú eérú bí ọkùnrin. Ẹni tí nǹkan bá dójú ẹ̀ kì í rántí pé ìkúnlẹ̀ ni ti obìnrin. "Màmá, ẹ má gbọ́ tèmi. Ẹ má gbọ́ ti ọmọ yín. Ilé yín ló wà nílẹ̀ yìí, èyí tí Sheriff fẹ́ kí ẹ tẹ̀ka sí. Ẹ wọlé, kí ẹ wá bẹ́ẹ̀dì yín rí. Bí ẹ bá rí i, kí wọ́n kó mi fún ọlọ́pàá."

"Ọ̀gá Sheriff, pláànù tí ẹ gbé fún mi náà ni o," ni Ọ̀ṣúndé ké láti ẹ̀gbẹ́. "Tí mo bá fi ìwọ̀n kan ṣègbè, kí ọwọ́ mi má lè di ọkọ́ mú mọ́!"

Gbogbo ojú yí sí Sheriff. Ó ń fi etí agbádá nu iwájú orí.

Màmá wò ó, ó wo eérú. "Kí ló dé tí o ń làágùn? Ilé mi kọ́ ni? Ẹ yàgò, mo fẹ́ wọlé mi!" Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà. Ó dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Gbà! Àga kọlu búlọ́ọ̀kù. Ó fà sẹ́yìn, ó tún sún síwájú. Gbà!

"Ilẹ̀kùn rèé?" ni ó bèèrè. "Ìdí mi nìkan ò lè gba ibí kọjá, ká má tíì sọ ti àga! Àbí ìdí mi ló tóbi jù?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọ̀ṣúndé gbé búlọ́ọ̀kù kan kúrò, Màmá wọlé.

"Kí ni ibí?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni, Màmá," ni Raheemah dáhùn.

"Èyí ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

"Ìwọ̀nyí?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wọn, Màmá."

"Yàrá tèmi dà?" ni bàbá arúgbó kan láti Atosin bèèrè, ó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ẹ dúró sí yẹn, Bàbá."

Màmá yí àga títí ó fi dé ibi tí Ọ̀ṣúndé fi eérú fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí egungun ìhà. "Ìlà kí lèyí?"

"Àtẹ̀gùn ni. Ogún. Òkè ni yàrá yín wà. Mo yà á sí ẹ̀gbẹ́ yìí kí ẹ lè rí i."

Àtẹ̀gùn ogún, fún obìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti dá! Màmá wọ inú yàrá eérú náà. Àga rẹ̀ wọlé tán, kò lè yí. Iwájú ògiri, ẹ̀yìn ògiri. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó kan ìlà. Ó na ọwọ́ òsì, ó kan ìlà.

"Sheriff," ni ó pè jẹ́jẹ́. "Wá. Wá fi bẹ́ẹ̀dì mi hàn mí. Nítorí ibi tí mo jókòó sí yìí, sàárè ló jọ."

"Màmá, ẹ̀ẹ́..., a ṣì máa tún un ṣe..."

"Tún kí ni ṣe?" Jamilah ni ó bú jáde! Ìrera ò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dúró. "Kí lo ń bẹ̀ ẹ́ fún? Ta ló ń fi ilẹ̀ etí títì ṣòfò fún òkú tó ṣì ń jẹun? Ọdún mélòó ló kù fún wọn?"

"Jamilah, pa ẹnu rẹ mọ́!" ni Sheriff ké.

"Mi ò pa á mọ́! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ pé tí a bá ti gbé e gòkè, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin ín ló máa sọ̀kalẹ̀?"

Yéè! Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi họlẹ̀ lọ bá a. Jamilah fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Obìnrin kan ká ọwọ́ lérí. Bàbá Búrẹ́mọ̀ já fáìlì gbà lábẹ́ apá Sheriff. Ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò. Inú àpò náà ló wà láti ọjọ́ tí Raheemah ti wá bẹ̀ ẹ́. Ọ̀lẹ àgbà! Ó ka igun bébà pláànù inú fáìlì sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó dé ibi "àti ìyàwó rẹ̀, Jamilah," ó tún un kà.

"Ìyàwó ta ni?" ni Màmá bèèrè. "Ọmọ tí ó ń wẹ̀ mí? Ìwọ Sheriff, o gbé ọmọ tí ìyàwó rẹ ń bọ́ níyàwó ní bòókẹ́lẹ́, ẹ sì jọ fi ilẹ̀ mi ṣe ìsìnkú mi!"

Sheriff wólẹ̀. "Màmá, iṣẹ́ ṣàìtánì ni!"

"Ṣàìtánì ò mọ̀wé, ó jọ mí! Ìwọ lo kàwé!" Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo èèyàn rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́. Ó rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. "Ọmú tí o mu ni kò jẹ́ kí n ṣépè. Dìde, jáde. O ò ní ilẹ̀ lọ́wọ́ mi, o ò ní ilé lọ́dọ̀ mi."

Ó wá yíjú sí Raheemah, ẹni tí eérú ti kùn láti irun dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀, ìwọ náà lo máa gbé mi dìde, ìyà méjì ni yóò wá jẹ́ fún ọ. Fojú inú wo ìkúnlẹ̀ mi." Raheemah kó sí i láyà, ó bú sẹ́kún, Màmá náà bú sẹ́kún, imú àwọn méjèèjì ń ṣàn sára aṣọ ara wọn láìsí ẹni tó bìkítà.

Jamilah ò dúró di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kadà ló gùn, kò bá Sheriff sọ̀rọ̀. Obìnrin tó fẹ́ plásà kì í fẹ́ ọkùnrin tí kò ní ilẹ̀. Raheemah gba ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ níwájú ẹbí, kò bú ẹnikẹ́ni. Láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún, Ọ̀ṣúndé àti àwọn èèyàn rẹ̀ mọ ilé àwọn àgbà parí: yàrá méjìlá lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá níwájú, kò sí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo.

Sheriff tó ń ta irin ìkọ́lé tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ta ló fẹ́ fi irin ẹni tó fẹ́ sin ìyá rẹ̀ láàyè kọ́lé? Irin ń dípẹtà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òjò. Ọjọ́ kan, ó gbé ìtìjú tà, ó wá dúró sẹ́nu géètì ilé àwọn àgbà, ó gbàgbọ́ pé ọkàn obìnrin rọ̀.

"Raheemah, ẹ̀yin Màmá, ẹ ṣàánú mi. Mi ò ní ibi tí màá forí lé. Ẹ fún mi ní ìwọ̀nba àyè kan, bó ti wù kó kéré tó, mo gbà."

Màmá tó wà ní fàráńdà ń jẹ ẹ̀pà. Ó kàn gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí itan, ó wo Raheemah.

Raheemah jáde sẹ́nu géètì. Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣọ́ọ̀bù ti kún," ó ní. "Ní ti yàrá, ẹni tí kò bá tíì pé àádọ́rin ọdún, a kì í gbà á. Ẹ̀yin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ lọ fara balẹ̀ dàgbà. Tó bá di ọdún mọ́kàndínlógún òní, ẹ padà wá, a ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín."

Ó sì rọra ti géètì.